Bí A Kò Rẹ́ni Fẹ̀yìn Tì

Bí a kò rẹ́ni fẹ̀yìn tì, bí ọ̀lẹ là ń rí. Àkọ́sórí ilé ìwé ni fún gbogbo wa, ká tó mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń ro ni.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wá sílé mi ní Òkè-Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo níbí, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ ọdún 62 ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Fìlà rẹ̀ ló ń ká lọ́wọ́, ó ká a títí tí kò fi sí ibi tó tún lè ká mọ́. Ó ní láti kékeré, ọkùnrin lọkàn òun ń fà sí. Wọ́n ní kóun fẹ́yàwó, òun fẹ́, òun sì tọ́jú rẹ̀ dójú ikú. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ gbé e sínú lọ sọ́run."

Èmi kọ́ ló kọ́kọ́ sọ fún o. Ọ̀rẹ́ ọgbọ̀n ọdún ló finú hàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ọ̀rọ̀ ti dé Ọjà Ọba, àwọn àbúrò rẹ̀ ti gbé òróró dé, wọ́n ní àìsàn ni. Àìsàn wo? Láti ọdún 1990 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àwọn àìsàn.

Lóṣù Kẹjọ, à ń gba ẹni tó ti Brazil wá bọ Ọ̀ṣun, à ń wá yàrá fún un. Ọmọ onílé wá jókòó sórí àga mi bí àlejò tí kò rílé wọ̀.

Ẹlòmíì á ní òfin ló ba òun lẹ́rù. Òótọ́ ni, òfin tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2014 le: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tó bá bá ara wọn ṣègbéyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ irú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó ní kó o má fetí sí ẹ̀gbọ́n rẹ. Òfin yìí gan-an ló sì sọ òfófó di ọ̀bẹ.

Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn, tí ewú ti wà lórí yín, ẹ rọra. Ẹni tó ti bo àṣírí yín rí, nígbà tówó tán tàbí tọ́mọ ṣìnà, òun ni kẹ́ ẹ tọ̀ lọ. Ẹni orí fóònù tẹ́ ẹ ò rí rí, tó ní kẹ́ ẹ wá pàdé òun, ẹ sá fún un. Àwọn oní-kító, ìyẹn àwọn tó ń díbọ́n bí olólùfẹ́ kí wọ́n lè dẹ pańpẹ́ fún irú yín, pọ̀ níbẹ̀: wọn á gba fóònù, wọn á gbowó, wọn á tún fi fọ́tò halẹ̀.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ la máa ń pa òwe yìí fún. Ẹni tí wọ́n gbé ẹyin lé lọ́wọ́ ni mo pa á fún lónìí. Ìwọ ọ̀rẹ́ yìí, ta ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó yege? Ojú ò tì ọ́? Dìde, lọ bá a nílé. Má mú òróró dání, má kó pásítọ̀ tàbí ààfáà lẹ́yìn. Bẹ̀ ẹ́, kó o jókòó tì í, kó o bá a jẹ ẹ̀kọ tí kò lè dá jẹ nílé mi.