Wọ́ọ̀dù 375 Nínú 376

Nígbà tí LASIEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó, ka èsì ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n dì ní ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ APC ló kó ipò alága gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti ti ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37. Nínú kánsẹ́lọ̀ 376 tí wọ́n kéde, 375 ló jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan náà. Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù, tó bọ́ sọ́wọ́ PDP, wọ́ọ̀dù D ní Yábàá ló ti wá. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni gbé àpótí ìbò sá lọ. Ohun tí à ń sọ ni pé ìlú tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í fẹnu kò lórí iye owó ọkọ̀ láti Oyíngbò sí Ọ̀ṣòdì kò lè dédé fẹnu kò lórí kánsẹ́lọ̀ 375, àti pé ìtàn ìdìbò Èkó fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí a sọ yìí.

Kí a tó lọ sí ìtàn àtijọ́, ẹ jẹ́ ká wo ti àìpẹ́. Nínú ìdìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 ní Èkó, APC ní 572,606. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, APC fi ìbò 762,134 borí Labour tó ní 312,329 nínú ìdìbò gómìnà. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí bí ọjọ́ kejì yẹn ṣe lọ ní àwọn àdúgbò kan, ṣùgbọ́n kódà bí a bá gbà á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kà á, èèyàn tó lé ní 300,000 ló dúró sí ìhà kejì, wọn kò sì fọ́n ká bí ẹní fọ́n iyọ̀ sínú ọbẹ̀: wọ́n ní àdúgbò tí wọ́n ti pọ̀, irú bí Ẹ̀tí-Ọ̀sà àti Amúwó-Ọ̀dọ̀fin. Ó yẹ kí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè yan kánsẹ́lọ̀ mélòó kan. Bí àwọn èèyàn ibẹ̀ kò bá jáde dìbò lọ́dún 2025, ìdí tí wọ́n fi jókòó sílé ló yẹ kó jẹ wá lógún.

Ọdún 1920 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan àwọn kan sínú ìgbìmọ̀ ìlú Èkó, nígbà tí ẹ̀tọ́ ìbò ṣì wà fún kìkì àwọn tó ní dúkìá tàbí owó tó jọjú. Ní 1923, ẹgbẹ́ NNDP (Nigerian National Democratic Party) tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ gba gbogbo ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Èkó ní nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin: Egerton Shyngle, Eric Moore àti Crispin Adéníyì-Jones ló wọlé. Macaulay fúnra rẹ̀ kò lè díje, nítorí ẹjọ́ tí ìjọba òyìnbó ti dá a. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣe ló dà bíi pé kò sí ẹni tó lè dá ẹgbẹ́ náà dúró ní Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1938, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ NYM (Nigerian Youth Movement) ta wọ́n yọ nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú àti ti ìgbìmọ̀ aṣòfin, Macaulay sì gbé èsì náà mì. Ìjọba amúnisìn ni o, tí kò fẹ́ràn òmìnira ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè lè sùn kó jí kó rí i pé ipò ti bọ́.

Ọdún 1950 ló wù wá jù láti dúró lé lórí. Ọdún yẹn ni gbogbo àgbà tó ń gbé Èkó, lọ́kùnrin lóbìnrin, kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dìbò fún ìgbìmọ̀ ìlú wọn. Ìyálọ́jà àti ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní dúkìá kankan wá di olùdìbò ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí Oyinkan Àbáyọ̀mí jẹ́ aṣáájú rẹ̀ gbé olùdíje kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò wọlé. Ìjókòó 24 ni wọ́n dù. Àjọṣe NNDP àti NCNC, ẹgbẹ́ tí Nnamdi Azikiwe jẹ́ aṣáájú rẹ̀, gba 18, àwọn alátakò gba mẹ́fà. Wọ́n borí gidi, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn ò borí, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tí yóò máa bi wọ́n léèrè. Dókítà Ìbíyínká Ọlọ́runnímbẹ ni wọ́n fi ṣe Méyọ̀ Èkó, ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà.

Ẹ má sì rò pé à ń sọ pé ayé àná mọ́ ju ti òní lọ. Ìwà jẹgúdújẹrá wọ inú ìgbìmọ̀ náà débi pé wọ́n gbé ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Bernard Storey, akọ̀wé ìlú Norwich láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, tí Èkó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, tó sì wà lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), sì tú ìgbìmọ̀ náà ká ní 1953. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe mú oyè Méyọ̀ kúrò, ó fi Ọba Adéníji Adélé Kejì ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀, ó ya ìjókòó mẹ́jọ sọ́tọ̀ fún àwọn ìjòyè, ó sì fi 41 sílẹ̀ fún ìdìbò. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ló borí nínú ìdìbò tó tẹ̀ lé e. A kò lè sọ pé ẹ̀sùn Storey kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ó ní. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà ní Ìbàdàn ló tú ìgbìmọ̀ tí alátakò rẹ̀ ń darí ká, òun náà ló kọ òfin tuntun, òun náà ló sì jàǹfààní ìdìbò tó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà ni ọwọ́ àwọn tó ń ṣe ìjọba lókè ti wà nínú ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù.

Ìjọba ológun fi ìdìbò ìbílẹ̀ ṣeré bó ṣe wù wọ́n, nígbà mìíràn láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú rárá, nígbà mìíràn pẹ̀lú títò sẹ́yìn olùdíje. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ló yẹ kó tún un ṣe. Abala keje rẹ̀ sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n abala 197 àti 198 fi ìdìbò náà sábẹ́ àjọ ìpínlẹ̀ tí gómìnà ń yan alága àti àwọn ọmọ inú rẹ̀, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kàn ń bu ọwọ́ lù wọ́n. Ẹni tó ń ta ayò kọ́ ló yẹ kó yan ẹni tí yóò máa ka ọmọ ayò.

Àbájáde rẹ̀ kò mọ ẹgbẹ́. Ní Èkó, APC gba gbogbo ipò alága 57 ní 2017, ó gbà á ní 2021, ó tún gbà á ní 2025. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí PDP ti ń ṣe ìjọba nígbà náà, PDP gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ní Ògùn, APC gba gbogbo 20 ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, ó sì gba gbogbo 18 ní Oǹdó ní oṣù Kìíní 2025. Ẹni tó bá sọ fún wa pé ìfẹ́ aráàlú nìkan ló fa èyí, kó ṣàlàyé bí ìfẹ́ náà ṣe máa ń mọ ẹgbẹ́ gómìnà dáadáa bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Abúja nìkan ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, nítorí INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣètò ìdìbò ìgbìmọ̀ agbègbè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2022, tí APC wà ní ilé ìjọba àpapọ̀, èsì tí INEC kéde fún APC ní mẹ́ta, ó fún PDP ní mẹ́ta. INEC kì í ṣe áńgẹ́lì. Gbogbo ẹni tó dúró de èsì ìdìbò 2023 lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí gómìnà kan tó ń dá yan àwọn tó wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan sì ti tó láti jẹ́ kí alátakò ní ìdí láti jáde wá ìbò.

Àwọn kan ń sọ pé fífi ìdìbò wọ́ọ̀dù lé àjọ àpapọ̀ lọ́wọ́ yóò ba ìlànà ìjọba àpapọ̀ jẹ́, pé Abúja ti lágbára jù tẹ́lẹ̀. A mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní Èkó tí ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ní 2004 nítorí ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n INEC kan náà ló ń ṣètò ìdìbò gómìnà àti ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, a kò sì tíì gbọ́ kí gómìnà kan sọ pé èyí tó gbé òun wọlé tàbùkù òmìnira ìpínlẹ̀ òun.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí ó sì máa jẹ́ àwọn tí aráàlú dìbò yàn ni yóò máa ná an. Bí gómìnà bá ṣì ni yóò sọ ẹni tí yóò di alága, owó náà yóò kàn gba ọ̀nà ẹ̀yìn padà sí ibi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ ni.

Nítorí náà, à ń fẹ́ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà àti Ilé Aṣojú-ṣòfin tún abala 197 àti 198 ṣe, kí ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ INEC. Yóò gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ibẹ̀ ló sì ti ṣòro, nítorí àwọn gómìnà ló ń darí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí ilé aṣòfin Èkó fi ara rẹ̀ síwájú láti dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, kí wọ́n fi òfin kan múlẹ̀ pé LASIEC gbọ́dọ̀ lẹ èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri lójú gbogbo èèyàn, kí ó sì tẹ iye ìbò olùdíje kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù. Ìdìbò kánsẹ́lọ̀ tó kàn ní Èkó di ọdún 2029. Àyè wà láti ṣe é kí ìpolongo ìbò tó bẹ̀rẹ̀.