Ọmọ Tó Ń Jókòó Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Èrò ọkàn mi nìyí, ó sì ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 ní ìjọ wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, à ń ka ìwé Ámósì, níbi tí wòlíì ti ń bá àwọn tó ń ta aláìní tìtorí bàtà wí. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: “Àǹtí, ẹgbẹ́ mi ni ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé. Kí ló dé tí kì í wá sí kíláàsì yìí?”

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo mọ ọmọ náà. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, tí yóò gbé àbúrò ọmọbìnrin yìí lẹ́sẹ̀.

Gbogbo Kérésì là ń kó àwọn ọmọ wa lọ sílé àwọn aláìlóbìí. A gbé ìrẹsì dání, a ya fọ́tò, a padà. Àánú nìyẹn, mi ò ní ká dá a dúró. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ wọn láti béèrè ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí, àgàgà nínú ilé tiwa. Ilé la sì ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 wá. Ẹnu yà wọ́n pé ọmọdé ni ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 lójú òfin, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé JSS 3. A ka Jákọ́bù 5:4, owó ọ̀yà tí wọn ò san tó ń ké. Ọmọkùnrin kan ní: “Owó oṣù àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ yìí, ta ló ń gbà á?” Gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó mú wọn wá láti abúlé ni.

Mo wá sọ ìtàn Àjàyí Crowther. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ yẹn ò ṣàdédé wá o. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onígbàgbọ́ kan ní Bírítéènì fi kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, tí àwọn mìíràn kọ̀ láti jẹ ṣúgà tí ẹrú ṣe, kí wọ́n tó fòfin de òwò ẹrú ní 1807. Mi ò sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹrú jẹ́ ọ̀kan náà. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ni.

Àwọn òbí kan bínú, wọ́n ní mò ń kọ́ ọmọ wọn láfojúdi. A jọ jókòó, mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò gbà láti ní káwọn ọmọ náà panu mọ́. Lórí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti bá ìyá àti bàbá wọn sọ ọ́.

Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ náà ti ń wá sí kíláàsì báyìí. Ọ̀kan ò tíì mọ̀wé kà dáadáa. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè lọ́jọ́ náà ló ń fi ìka tọ́ ọ sọ́nà lójú ìwé. Ọ̀rọ̀ iléèwé gan-an ṣì kù, mi ò sì tíì dákẹ́ lórí rẹ̀.