Ẹran tí ẹ rí nínú imú yín kì í ṣe àrùn

Ẹni tó bá tan iná fóònù sí ihò imú ara rẹ̀ níwájú dígí yóò rí ohun pupa kan tó yọ láti ẹ̀gbẹ́ ìta, tó rọ̀, tó ń dán. Ibẹ̀ ni àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń já: "Ẹran ti hù sí mi nímú!" Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gé e, tàbí oògùn tí yóò jó o dànù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò hù, a bí i mọ́ yín ni.

Mẹ́ta ló sábà ń wà nínú ihò imú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì. Egungun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ká ló wà nínú wọn, awọ tó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ló sì bò wọ́n. Turbinate ni àwọn dókítà ń pè é. Ti ìsàlẹ̀ ló tóbi jù, òun ni iná fóònù máa ń bá. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí eruku gba gbogbo ìlú, àwọn ló ń mú afẹ́fẹ́ náà móoru, tí wọ́n ń fún un ní ọ̀rinrin, tí wọ́n sì ń gba eruku rẹ̀ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́ ti ìsàlẹ̀ yìí náà ni ọ̀nà omijé ṣí sí. Ìdí nìyẹn tí imú fi ń ṣomi tí a bá ń sunkún, tí oògùn tí a kán sójú sì lè korò lọ́fun.

Ohun tó ń dá kún ìbẹ̀rù ni pé ó máa ń wú. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ á kún ti apá kan fún wákàtí mélòó kan, á lọ sílẹ̀, ti apá kejì á sì wú. Imú ọ̀tún tó dí lóru, tó là ní ìdájí tí ti òsì wá dí, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ọ̀fìnkìn a máa mú kó wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn ìkánmú tó ń la imú wéré náà, bí ẹ bá lò ó kọjá ọjọ́ mélòó kan, wíwú náà lè padà wá le ju ti tẹ́lẹ̀.

Ẹran àìsàn wà lóòótọ́, políìpù. Ìyẹn kì í sábà pọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá, ó ń dán bí èso àjàrà tí a bó, abẹ́ ẹran àárín ló sì ti sábà ń yọ. Tí apá kan ṣoṣo bá dí tí kì í là, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, ẹ tètè lọ bá dókítà etí, imú àti ọ̀fun.

Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́, tó bá pọn dandan kó dín turbinate kù, kì í gé gbogbo rẹ̀ dànù. Àwọn kan wà tí wọ́n gé tiwọn jù: imú wọn gbẹ, èépá ń dì í, ó sì ń ṣe wọ́n bíi pé wọn ò rí afẹ́fẹ́ mí, bẹ́ẹ̀ ihò imú wọn ṣí gbayawu.