Pọ́ǹpù Tí Kò Pé Tí Wọ́n Tà

Ní Sátidé tí ó kọjá, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà. Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń wá ọ̀nà láti so pọ́ǹpù kan mọ́ ẹnu tánkì tí ìgbọ̀nsẹ̀ ìdílé mi wà nínú rẹ̀. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sára páálí pọ́ǹpù náà pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú 15 ni, àti pé gbogbo ohun tí ènìyàn nílò ti wà nínú páálí. Irọ́ ni. Irọ́ ńlá ni, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn tí wọ́n pa á, nítorí pé wọ́n ti mọ̀ pé irọ́ ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sára páálí.

Kí ẹni tí kò mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ọkọ̀ náà ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní motorhome: ibùsùn wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àlòkù ni èmi àti ìyàwó mi rà, lẹ́yìn tí a ti tu owó jọ fún ọdún mẹ́ta, kí a lè máa kó àwọn ọmọ wa rìnrìn àjò káàkiri Texas tí a ń gbé láìsí pé à ń sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Tánkì ẹ̀gbin méjì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Tánkì dúdú ni ti ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Tánkì eérú ni ti omi ìwẹ̀ àti omi tí a fi fọ abọ́. Tánkì dúdú tiwa ń gba gálọ́ọ̀nù 40, èyí tí ó tó nǹkan bíi lítà 150. Ní ibi tí wọ́n ti ń da ẹ̀gbin nù nínú ọgbà ìpàgọ́, rọ́bà gbọọrọ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 3 ni ènìyàn máa ń lò. Ihò yóò wà nílẹ̀, ẹ̀gbin yóò sì ṣàn wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin kì í gun òkè. Nílé wa, ẹnu páìpù tí ó lọ bá páìpù ẹ̀gbin ìlú wà lẹ́bàá ògiri, ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí sì fi ẹsẹ̀ bàtà 2 rẹlẹ̀ sí i, ó sì jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ìdí nìyẹn tí a fi ra pọ́ǹpù tí ó ní abẹ nínú, tí yóò lọ ẹ̀gbin kúnná, tí yóò sì tì í gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ dára. N kò bá ẹni tí ó kọ́kọ́ ronú kàn án jà. Pọ́ǹpù tí ó lè ti gálọ́ọ̀nù 12 jáde ní ìṣẹ́jú kan yóò fa tánkì wa gbẹ láàárín ìṣẹ́jú 4, a kò sì ní máa wa ọkọ̀ ràgàjì wọ ìgboro nítorí àti da ìgbẹ́ nù. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn tí wọ́n gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n ta ẹyọ kan nínú rẹ̀ fún mi, tí wọ́n sì pè é ní odindi. Àgbẹ̀dẹ ilé wa máa ń ta irin ọkọ́ láìsí èrúkọ́, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀dẹ tí yóò tẹjú mọ́ àgbẹ̀ kí ó sọ pé èrúkọ́ ti wà nínú rẹ̀.

Ẹnu pọ́ǹpù náà ní ìkọ́ tí a máa ń yí mọ́ etí páìpù tánkì. Kí ìkọ́ náà tó lè mú, odindi pọ́ǹpù ni ènìyàn gbọ́dọ̀ yí, bẹ́ẹ̀ mọ́tò rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń gbá irin abẹ́ ọkọ̀ kí ó tó yí dé ìdajì. Mo gbìyànjú rẹ̀ láti ọ̀tún, mo gbìyànjú rẹ̀ láti òsì. Ohun tí ó yẹ kí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni páìpù kúkúrú kan tí ó tẹ̀ bí ìgúnpá, tí a lè yí sí ibi tí ó bá wù wá. Àwòrán páìpù yìí wà nínú ìwé ìlò bí ẹni pé ó ti wà lọ́wọ́ mi, àfi lẹ́tà kóńkóló kan lábẹ́ rẹ̀ tí ó ń sọ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á. Dọ́là 18 ni. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo wẹ ọwọ́, mo wakọ̀ lọ rà á, mo sì padà wá dùbúlẹ̀.

Ti iná ni ó burú jù. Iná bátìrì fóòtì 12 ni pọ́ǹpù yìí ń lò, ó sì ń fa tó ámpù 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ wáyà díẹ̀ mọ̀ pé a kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́: wáyà yóò gbóná, agbára iná yóò ti dínkù kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, pọ́ǹpù yóò sì máa kùn láìlè yí dáadáa. Síbẹ̀ wáyà tí ó wà lára rẹ̀ kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Kò sí wáyà tí a óò fi dé ọ̀dọ̀ bátìrì, kò sí fíúsì, kò sí súwíìṣì. Ìwé ìlò ní kí a lo wáyà tí ó yẹ, kò sì sọ bí èyí tí ó yẹ ṣe nípọn tó. Bí wáyà tín-ín-rín tí kò ní fíúsì bá gbaná lábẹ́ ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ń sùn nínú rẹ̀, ta ni yóò dáhùn?

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà. Lára pọ́ǹpù, wáyà pupa ni ti orí bátìrì tí iná ti ń wá, dúdú ni ti ilẹ̀, bí ó ti máa ń rí nínú ọkọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ motorhome Amẹ́ríkà, títí kan tiwa, wáyà dúdú ni iná ń gbà wá, funfun sì ni ti ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá so dúdú mọ́ dúdú, gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n orí ẹnikẹ́ni yóò ti darí rẹ̀, ti so ó sódì. Bí mo ṣe so ó nìyẹn. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn, ó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú páìpù dípò kí ó máa fa omi jáde, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé tánkì eérú ni mo fi dán an wò, àti pé omi mímọ́ nìkan ni mo rọ sínú rẹ̀. Ká ní tánkì dúdú ni mo ṣí, n kò mọ ibi tí ẹ̀gbin náà ìbá gbà jáde sí wa lára. Ìlà kan ṣoṣo péré ni wọn ìbá fi kìlọ̀ fún wa pé dúdú tiwọn lè má jẹ́ dúdú tiwa. Wọn kò kọ ọ́. Odindi ojú ewé kan wà fún àwòrán ìdílé tí ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá adágún omi, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ìlà kan yẹn.

Ó wá kan rọ́bà. Èyí tí ó wà nínú páálí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹni tí ihò ẹ̀gbin bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ọkọ̀ rẹ̀, kí ni yóò fi pọ́ǹpù ṣe? Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn ni wọ́n ṣe pọ́ǹpù yìí fún, òun gan-an ni wọ́n sì fi rọ́bà dù. Mo ra ti ẹsẹ̀ bàtà 40 ní dọ́là 40. Nígbà tí mo ki ẹnu rẹ̀ kan bọ páìpù ilé, tí ìyàwó mi sì tan súwíìṣì, rọ́bà náà fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò sí ohunkóhun nínú páálí tí ó lè dì í mú nínú ihò náà. Omi dà sí ara ògiri, ó sì dà sí orí ewébẹ̀ tí ìyàwó mi gbìn síbẹ̀. Omi mímọ́ ṣì ni, ṣùgbọ́n ewébẹ̀ tí à ń sè fún àwọn ọmọ ni.

Ohun kan tún wà tí n kò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n. Rọ́bà ẹsẹ̀ bàtà 40 tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì kan ń gba ẹ̀gbin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gálọ́ọ̀nù kan. Bí a bá pa pọ́ǹpù, inú rọ́bà ni gálọ́ọ̀nù náà wà. Níwọ̀n bí ihò sì ti wà lókè tí pọ́ǹpù wà nísàlẹ̀, ní ìgbà tí ènìyàn bá tú rọ́bà kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù, ara ẹni tí ó tú u ni gbogbo rẹ̀ yóò dà sí. Fáàfù kékeré kan tí a lè fi ọwọ́ yí pa kí a tó tú rọ́bà ni yóò dènà èyí. Dọ́là 12 péré ni mo rà á. Àwọn tí wọ́n ń ṣe pọ́ǹpù yìí mọ̀ pé tìtorí àti gba òkè ni àwọn ènìyàn ṣe ń rà á, wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó gun òkè yóò padà wálẹ̀, wọn kò sì fi fáàfù síbẹ̀. Ìgbẹ́ ènìyàn ni à ń sọ yìí, tí àìsàn wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi tí ó kéré jù kò tíì pé ọdún mẹ́rin, orí ilẹ̀ yẹn ni ó sì ti máa ń ṣeré.

Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, mo mọ àwọn tí wọ́n ń wa ọkọ̀ tí ń fa ṣọ́kàwéè. Àwọn ènìyàn a máa fi imú bọ aṣọ bí wọ́n bá ti rí wọn lókèèrè, ṣùgbọ́n n kò tíì rí èyí tí ó dé ẹnu ọ̀nà onílé tí ó ní kí ó lọ ra rọ́bà wá. Wọ́n á so rọ́bà mọ́ rọ́bà títí yóò fi dé ẹ̀yìnkùlé, bí ilé náà tilẹ̀ wà nínú kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Wọ́n mọ ohun tí iṣẹ́ wọn jẹ́, wọ́n sì ń gbé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ dání.

Ojú ewé ìkẹyìn ìwé ìlò ni wọ́n fi ìkìlọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù sí. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa yí nígbà tí kò bá sí omi nínú rẹ̀, nítorí pé rọ́bà alápá tí ń fa omi nínú rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì ya. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé tánkì ti gbẹ, nígbà tí gbogbo ara pọ́ǹpù ṣókùnkùn, tí kò sí ibì kan tí ó mọ́ gaara tí ojú lè gbà wọ inú rẹ̀? Etí nìkan ni mo fi ń ṣọ́ ọ báyìí: bí ohùn rẹ̀ bá ti yí padà, ìyàwó mi á pa á kíákíá. Wọ́n tún ní bí nǹkan bá há a, kí a ki súkúrúdíráfà bọ ihò tí ó wà ní ìdí mọ́tò, kí a fi yí i títí yóò fi tú. Nínú ọkọ̀ tiwa, ìdí mọ́tò yẹn kọjú sí irin, àlàfo tí ó wà níbẹ̀ kò sì gba ìka méjì. Ti òtútù ńkọ́? Ẹni tí ó bá wà ní Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí òtútù ńlá bo ìpínlẹ̀ náà, kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un ohun tí yìnyín ń ṣe fún ohunkóhun tí omi bá kù sí nínú. Ìwé náà kò mẹ́nu kan òtútù rárá.

Mo ti san dọ́là 230 fún pọ́ǹpù náà. Nígbà tí mo ṣírò páìpù onígúnpá, wáyà nínípọn, fíúsì, súwíìṣì, rọ́bà, fáàfù àti ìdérí tí ń di rọ́bà mú nínú ihò, dọ́là 120 mìíràn ti lọ. N kì bá tí bínú ká ní wọ́n ti kọ ọ́ síta pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, nítorí èmi náà ìbá ti mú owó náà dání kí n tó jáde nílé, n kò sì ní pààrà ọjà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní fún ìsinmi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pe ilé iṣẹ́ náà. Mo dúró lórí fóònù fún ìṣẹ́jú 50 kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn. Mo sọ fún obìnrin tí ó gbé e pé mo fẹ́ dá pọ́ǹpù padà, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti so ó mọ́ tánkì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé ìgbà tí mo so ó mọ́ tánkì ni mo tó mọ̀ pé kò pé. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́, pé àwọn kì í gba pọ́ǹpù tí ó bá ti kan tánkì ẹ̀gbin padà.