Òṣùwọ̀n Balùwẹ̀ Mi Ò Mọ̀ Mí Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi òṣùwọ̀n tó wà nínú balùwẹ̀ mi: kí ni mo ṣe é? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú òyìnbó, mo ti bá onílé jà, mo ti bá òtútù jà, àmọ́ kò sí ẹni tó fojú mi gbolẹ̀ tó irin pẹlẹbẹ yẹn.

Nọ́ọ̀sì ló kó bá mi. Ó lọ́ tépù mọ́ mi nínú, ó kọ 104 sẹ̀ǹtímítà sínú ìwé, ó ní kí n máa rìn. Mo ń rìn, 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, kó lè pé 150 ìṣẹ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi mára le, ó kéré tán. Imú ń dà, etí ń yún, mo ń rìn. Bílẹ̀ bá mọ́, màá bọ́ṣọ, màá bọ́ aago, òrùka pàápàá mo bọ́ ọ. Màá mí èémí inú mi síta tán kí n tó gun òṣùwọ̀n. 94 kílò. Lọ́sẹ̀ kẹta, 94. Nígbà tó di oṣù kejì, 95! Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún, bóyá ó ṣì mí mọ̀ ni. 95.

Mo pe ìyá mi lórí fídíò kí n lè rẹ́ni bá sunkún. Màmá rí mi, wọ́n figbe ta: "Yéè! Ọmọ mi ti gbẹ! Ṣé ebi ni wọ́n fi ń pa yín níbẹ̀ ni?"

Ẹ gbọ́ o. Nọ́ọ̀sì ní mo sanra, ìyá mi ní mo gbẹ, òṣùwọ̀n ní mo tún fi kílò kan lé e. Ara kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò.

Bẹ́líìtì ló tú àṣírí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sáré lé bọ́ọ̀sì, ṣòkòtò mi náà ń sáré tiẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan di báàgì mú, mo fi èkejì di ìtìjú mú. Ihò kẹta ni mo ń de bẹ́líìtì sí tẹ́lẹ̀, karùn-ún ló kù tó ń mú un báyìí. Mo wá tépù, mo wọn inú mi: 99 sẹ̀ǹtímítà!

Àṣé òṣùwọ̀n ò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan. Iṣan kì í gba àyè tó ọ̀rá bí wọ́n bá tilẹ̀ wúwo bákan náà, páálí tí mo sì ń gbé níbi iṣẹ́ lálaalẹ́ (èmi tí mo ka ìwé jáde, ẹ má bi mí) ti sọ mí di oníṣan. Omi ńkọ́? Ẹ mu lítà kan, kílò kan ti kún un. Ẹ tọ̀ ọ́, ó ti lọ. Ìtọ̀ ni mo ń tìtorí ẹ̀ banú jẹ́ láti ọjọ́ yìí!

Mo tún ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí: láti 84 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti wá sí 71. Òṣùwọ̀n ò gbọ́ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò jù ú nù o. Àpótí ìrìnàjò ni mo fi ń wọ̀n báyìí. Bí wọ́n bá ní ẹrù mi ò gbọdọ̀ ju 23 kílò lọ, tí mi ò sì fẹ́ kí wọ́n tújú ẹrù mi ká ní pápákọ̀ òfuurufú, a ti di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà ni àtẹ̀gùn. Àjà kẹrin ni mò ń gbé, lífítì ti kú kí n tó kó débẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dé àjà kejì, màá dúró, màá máa wo fóònù bí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ ńlá ránṣẹ́ sí. Ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń tẹ̀pá á kọjá lára mi, á ní kí n pẹ̀lẹ́. Tòun tọ̀pá o!

Lánàá, mo ru ẹrù ọjà méjì, mo ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo gun gbogbo ẹ̀ láìdúró. Wọ́n ní, "Ìwọ, orí àga lo wà àbí?" Mo ní, "Rárá o, Màmá, àtẹ̀gùn ni mò ń gùn." Wọ́n ní irọ́ ni.

Ìyá àgbà yẹn ṣì ń ṣáájú mi. Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ìró ọ̀pá wọn.