Àwa náà la ní kí wọ́n gé e

Ẹni tó bá tún fi fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Bọ̀dá, ẹ wo bí máílééjì ẹ̀ ṣe kéré," mi ò ní dá a lóhùn mọ́. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu ti fẹ́ẹ̀ bó. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2010, tó ti ń rìn lójú títì Amẹ́ríkà látìgbà tí Jonathan ti wà ní Aso Rock, ẹ ní máìlì 74,000 péré ló rìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ń gbé e pọ̀n ní gbogbo ọdún yẹn?

Ọ̀rọ̀ Débọ̀ ló fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ó ń fi Corolla àtijọ́ kan ṣe Bolt, láti Òjóò dé Challenge, láti Apáta dé Akóbọ̀. Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí ojú awakọ̀ ti rí látọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà á wakọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ilé epo á sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọ̀hún. Ó rí mi tí mò ń wa hybrid kiri, ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, ó ní òun náà fẹ́. Inú mi dùn. Mo ní ká wá Prius, hybrid Toyota, fún un.

Ìdí tí mo fi dárúkọ Prius ni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ilé ẹ̀. Ọkọ̀ lásán, tó bá dúró ní Ìwó Road tàbí Mọ́kọ́lá, epo ń jó lọ ni. Prius á pa ẹ́ńjìnì ẹ̀ fúnra ẹ̀, iná bátìrì ni yóò fi máa rọra yí tẹ̀ lé ẹni tó wà níwájú. Tó o bá sì tẹ bíréèkì, agbára tí ì bá ṣòfò á di iná, á padà sínú bátìrì. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn irú nǹkan báyìí, kọ ọ́ pé Prius 2010 ń rin máìlì 51 lórí gálọ́ọ̀nù kan nínú ìlú, 48 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ tún un wò dáadáa: inú ìlú ló ti ń ṣọ́wó epo jù. Ìyẹn lé ní kìlómítà 21 lórí lítà kan. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò nítorí ooru tiwa àti kòtò tiwa, ó ṣì dára.

A bá forí lé ibì kan ní Ring Road tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀. Èmi, Débọ̀, ìyá ẹ̀ tí owó wà lọ́wọ́ wọn, àti Ráṣídì, réwáyà mi láti Gate. Prius méjì ló wà nílẹ̀, méjèèjì ọdún 2010. Funfun kan wà níwájú, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán, dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ kọ 74,000. Eléérú kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún létí ògiri, eruku ti bò ó. Òun kọ 212,000. Owó funfun fi mílíọ̀nù kan ju ti eléérú lọ.

Dílà ibẹ̀, ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò tiẹ̀ dá sí èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí. "Mọ́mì, nọ́ọ̀sì kan ló lo èyí. Ilé síbi iṣẹ́, ibi iṣẹ́ sílé. Ọjọ́ Àìkú gan-an kì í gbé e jáde." Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín.

Mo ṣílẹ̀kùn. Awọ orí sìtíárì ti bó lápá òsì níbi tí ọwọ́ máa ń wà. Rọ́bà tó wà lórí bíréèkì ti jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irin ń yọjú. Etí ìjókòó awakọ̀ ti wó, fóòmù inú ẹ̀ ti fẹ́ jáde wá kí wa. Ṣé inú ọkọ̀ ni nọ́ọ̀sì yìí ń sùn ni? Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní ṣebí tòkunbọ̀ ni, ṣé tuntun ni mo rò pé a wá rà ni?

Ẹ bá mi ṣírò. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó títì ní Amẹ́ríkà ní awakọ̀ kan níbẹ̀ ń rin nǹkan bíi máìlì 13,500 lọ́dún. Ẹ fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nà án, ó lé ní 200,000. Eléérú tí gbogbo èèyàn ń sá fún, iye tó yẹ kí ọkọ̀ ọdún ẹ̀ ti rìn gan-an ló rìn. Funfun ló yẹ ká máa bi léèrè. Kò sì sí ìwé kan tí dílà fẹ́ mú jáde tó máa yanjú ẹ̀, torí òfin wọn lọ́hùn-ún ò fi dandan mú ẹni tó ń ta ọkọ̀ 2010 sẹ́yìn pé kó kọ máílééjì sínú ìwé mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọkọ̀ 2011 síwájú ni wọ́n sún tiẹ̀ dé ogún ọdún.

Èmi tiẹ̀ ń wí o, rírìn kọ́ ló ń kọ́kọ́ pa bátìrì hybrid. Bátìrì Prius yẹn, ègé 28 ni wọ́n tò pọ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀, fólítì 201.6 lápapọ̀. Ooru ló ń bá a jà, àti ìjókòó sójú kan. Ọkọ̀ tó jókòó sí yáàdì àwọn tó ń lu ọkọ̀ ní gbàǹjo, tó tún jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi, tó tún jókòó sí èbúté Èkó kó tó dé Ring Road, bátìrì ẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀ ká tó rí i rárá. Toyota fọwọ́ sọ̀yà lé e fún ọdún 8 tàbí máìlì 100,000 ní Amẹ́ríkà, làwọn èèyàn bá rò pé tó bá ti pé 100,000 ó ti kú. Bẹ́ẹ̀ takisí kan wà ní Vancouver, ní Kánádà, Prius 2001, tó rìn ju kìlómítà 300,000 lọ kí Toyota tó gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ ẹ̀ kí wọ́n lè yẹ inú ẹ̀ wò. Takisí ni. Kì í sinmi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó pẹ́.

Lápá ọ̀tún ìjókòó ẹ̀yìn, ihò kan wà tí fáànù fi ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láti fi tu bátìrì lára. Ráṣídì fi sukudiráfà ṣí ti funfun, ó kọwọ́ bọ̀ ọ́. Irun ajá, òwú ara aṣọ àti eruku ti dì pọ̀, odidi ló fà á jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ní ajá." Mo rín ẹ̀rín títí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń pa éésì torí àtiṣọ́wó epo, tẹ́ ẹ ń ṣí wíńdò nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná àti eruku lẹ̀ ń fún bátìrì mu, kẹ́ ẹ mọ̀.

Ó wá ki ohun kékeré kan bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó so ó mọ́ fóònù ẹ̀. Méjìméjì ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ka ègé 28 yẹn, nítorí náà nọ́ńbà 14 ló jáde sójú fóònù. Ó ní kí Débọ̀ máa wà á yípo yáàdì, kó sì tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ lójijì. Ti funfun: mẹ́tàlá wà lókè fólítì 15, ọ̀kan já wálẹ̀ sí 13. Ráṣídì ò sọ nǹkan kan, ó kàn na ìka sí i. A bọ́ sí eléérú. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá jọ sọ̀kalẹ̀, wọ́n jọ gòkè, bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà láàárọ̀. Ọkọ̀ tó ti rìn 212,000!

Kí n má parọ́, eléérú náà ní tiẹ̀. Wọ́n ti tan méjèèjì kí a tó dé, Ráṣídì sì ní òun kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹ́ńjìnì tó ti gbóná, ká padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a tan eléérú tútù, ó gbọ̀n gàgàgà fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ó sì dákẹ́. Ẹni tó mọ Prius àwọn ọdún yẹn á ti mọ ohun tí mò ń wí. EGR, ibi tí èéfín ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnì, ló máa ń dí. Tí wọn ò bá tètè fọ̀ ọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì lè fẹ́. Ráṣídì ní òun lè tú u fọ̀. Mo ní ká fi já owó ẹ̀ wálẹ̀. Àìsàn tó ti fara hàn nìyẹn, èèyàn mọ ibi tó máa dá owó sí.

Ẹ̀gbọ́n mi wo dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n wo mi. "Bàbá Tiwa, ọmọ mi ò ní wa ọkọ̀ tó ti lọ sọ́run bọ̀." Ó parí. Nọ́ńbà 14 tó ń jọ rìn, irun ajá, ìṣirò, kò sí èyí tó wọ̀ wọ́n létí.

Nígbà tí wọ́n ń jáde lọ, dílà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jọ pé àánú mi ṣe é. "Ẹ̀gbọ́n, eléérú yẹn ti pẹ́ níbí. Ẹni tó ni ín ní ká má gé máílééjì ẹ̀, ká má dá nọ́ńbà ẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ní ẹlẹ́sìn lòun. Gbogbo ẹni tó bá dé, tó bá tan iná, tó bá ti rí 212, á bọ́ọ́lẹ̀, á ní òun ń bọ̀. Tí mo bá gé e lónìí, mo ti tà á lọ́la nìyẹn."

Mo bi í nípa funfun. Ó ń wo bàtà ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Gbogbo wa la máa ń bú àwọn dílà pé olè ni wọ́n, wọ́n ń gé máílééjì, wọ́n ń purọ́. Wọ́n ń purọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ òótọ́ ti gbé ọkọ̀ ẹ̀ sétí ògiri, eruku ti bò ó, ẹni tó purọ́ sì fi mílíọ̀nù kan lé e. Ta ló san mílíọ̀nù yẹn? Àwa náà ni. Àwa la dúró síwájú dáṣíbọ́ọ̀dù tí a ń wá irọ́ tó máa tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ọkọ̀ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá kọ 74,000, ẹ̀rù ló yẹ kó bà wá, àwa ń dúpẹ́, a tún ń ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Mo ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bátìrì wọ́n. Ó wọ́n, gíà ọkọ̀ yín náà ò ṣe é fi ọwọ́ lásán rà. Mẹ́káníìkì yín ní kẹ́ ẹ má sún mọ́ hybrid. Mẹ́káníìkì yẹn kan náà ni yóò ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun yọ gbogbo ẹ̀ dànù, kí òun sọ ọ́ di ọkọ̀ lásán, torí ohun tí kò yé e, ṣe ló ń tú u sọnù. Àwọn kan á sì máa fi ègé Bẹ́ljọ̀ kan dípò èyí tó kú, ó máa ń gbà fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn á kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ni mo gbà pẹ̀lú yín. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Débọ̀ padà ra Corolla mìíràn. Dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ kọ 89,000. Òun ló fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó tún ń ráhùn epo.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá bi mí ní ìbéèrè kan níbi àsè ọjọ́ kan tí mi ò tíì rí ìdáhùn sí. Wọ́n ní, "Ká tiẹ̀ ní òótọ́ lo sọ. Tí Débọ̀ bá fẹ́ tà á lọ́dún méjì sí i, ta lo fẹ́ kó máa ṣàlàyé irun ajá fún?" Mo ya ẹnu, mo pa á dé. Wọ́n ní irọ́ tó wà nínú ọkọ̀ ọmọ àwọn, àwọn rà á, àwọn á sì tún un tà. Tèmi, òótọ́ ni mo fẹ́ rà, ta ni mo fẹ́ tà á fún?

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti fẹ́ ta Camry hybrid mi. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wò ó ò bèèrè bátìrì. Kò wo ihò fáànù tí mò ń fọ̀ déédéé. Ó tan iná, ó rí 231,000, ó rẹ́rìn-ín, ó dá owó kan tó jẹ́ ìwọ̀sí. Ó tún ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí n bá yín tọ́jú nọ́ńbà yìí, a lè fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin lé e." Mo ní kó máa lọ. Ó lọ. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn béèrè bóyá mo rántí pé owó iléèwé ń bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án. Mo rántí. Nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn sì ṣì wà lórí fóònù mi, mi ò tíì pa á rẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ Camry hybrid, bátìrì ẹ̀ dá ṣáṣá, kó wá. Kó gbé réwáyà ẹ̀ dání. Kó má bá mi sọ̀rọ̀ 231.