A Kì Í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti ń jẹ ní ìka, kò yẹ kó máa wá oògùn làpálàpá kiri.

"Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí yín kò bọ́." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Òun ni àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ń sọ tí wọ́n bá ti já àpò ìrẹsì sílẹ̀ ní ibùdó ogunléndé, tí wọ́n sì ti ya fọ́tò tán. Ìrẹsì dára, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dúńbú àbúrò rẹ̀ níṣojú rẹ̀, ṣé ìrẹsì ni yóò bá a lé àlá burúkú lọ lóru?

Ẹ wo àwọn ará Gwoza, ní ìpínlẹ̀ Borno. Nígbà tí Boko Haram gba ìlú wọn ní 2014, orí òkè Mandara ni ọ̀pọ̀ wọn gbà sá wọ Kamẹrúùnù, tí wọ́n sì bá ara wọn ní ibùdó Minawao. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé níbi tí ogun bá ti jà, bí ẹnìkan nínú márùn-ún ló ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ta ló ń tọ́jú wọn? Ará ilé wọn náà ni. Ìyàwó á ní ibà ló dá ọkọ òun dúbúlẹ̀, kí wọ́n má baà pe ìdílé òun ní ìran wèrè, kí ọmọbìnrin òun má baà ṣàìrọ́kọ fẹ́.

Nígbà tí ibùdó Òrù-Ìjẹ̀bú ṣì kún fún àwọn tí ogun Làìbéríà lé wá, mo mọ ìdílé kan níbẹ̀. Alaalẹ́ ni bàbá ilé ń ká ẹní, tó ń di ẹrù, tó ń jókòó tì í di àárọ̀. Kò gbà pé ogun ti jìnnà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré á jókòó tì í, á máa dárúkọ àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí bàbá lè mọ̀ pé gbogbo wọn pé. Tó bá wá ń tòògbé ní kíláàsì, tíṣà á nà án pé ọ̀lẹ ni. Bí bàbá náà bá jáde, àwọn ọmọ wa á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e, àwọn àgbà á máa rẹ́rìn-ín.

Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ!

Ojú ń tì mí, nítorí kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 1954 ni dókítà àìsàn ọpọlọ, Adéoyè Lámbò, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọsibítù ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, máa gbé abúlé tó wà nítòsí ọsibítù, pẹ̀lú ìbátan tí yóò máa dáná fún wọn, tí yóò sì máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Ìdílé wà nínú ìwòsàn náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ibùdó, ẹ wá nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè wọn, kó máa bẹ tilé-tọ̀nà wò, kó bi ìyàwó tó ń tọ́jú ọkọ pé báwo ni òun náà ṣe sùn. Ẹ bi àwọn ọmọ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ààfáà tí ẹ ń de ọmọ ọlọ́mọ mọ́gi, tí ẹ ń febi pa á, tí ẹ ní ẹ ń lé ẹ̀mí èṣù, ẹ tú u sílẹ̀ lónìí, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ tẹ̀ lé e débẹ̀.